Ẹ̀kan, Akíntọ́lá àti Ilẹ̀ Bàbá Wa Àgbà

Mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ajílẹ̀ gbówó lórí débi pé àpò kan péré ni bàbá mi rí rà fún gbogbo oko wa. Abúlé wa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìhà àríwá Ìbàdàn, níbi tí igbó ti ń fẹ́ di ọ̀dàn. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tí a ti ń dáko sí láti ọdún pípẹ́ ti ṣá. Àgbàdo ibẹ̀ kì í tíì ga dé orúnkún tí ewé rẹ̀ á ti máa pọ́n. Bàbá mi wá ní kí a lọ ṣán ilẹ̀ kan tó wà lódìkejì odò, tí a ti fi sílẹ̀ fún ọdún méjì. Akíntọ́lá ti bo gbogbo rẹ̀, ó ga jù mí lọ. Lójú tèmi, igbó ti dé.

Bàbá wa àgbà tẹ̀lé wa lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọ̀pá. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wọ àárín Akíntọ́lá náà lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ha ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀, ó sì fa nǹkan kan jáde. Gbòǹgbò funfun tín-ín-rín ni, ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣó bí abẹ́rẹ́. Ó nà án sí bàbá mi.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀kan ni, Bàbá."

"Ṣé ó ti kú?"

"Kò tíì kú, Bàbá."

"Ilẹ̀ yìí kò tíì sùn tó. Bí o bá ṣán an báyìí, oòrùn lo ṣí fún ẹ̀kan. Òun náà lo máa kórè."

Àríyànjiyàn náà gba ọjọ́ mẹ́ta nílé wa. Bàbá mi ń sọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ wa, bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè nípa koríko. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà abúlé, mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa, mo sì ka èyí tí mo rí kà. Mo rí i pé ìtàn gidi wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìtàn tó ní ọdún, tó ní ìjà, tó ní àlejò tó wọ̀lú láìkàn ilẹ̀kùn, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé tí a ń kà ní kíláàsì, níbi tó jẹ́ pé ogun àti ọba ló kún inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa bu erùpẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ni àgbẹ̀ Yorùbá ti ń ka ilẹ̀. Ohun tó hù lórí rẹ̀ ló fi ń kà á. Ó mọ ilẹ̀dú yàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ yanrìn, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó o. Ó máa ń wò ó bóyá ekòló ń yàgbẹ́ sórí ilẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, nítorí ekòló kì í gbé ibi tí kò sí oúnjẹ. Ìyá wa àgbà ní tirẹ̀ kì í tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Bí ó bá ti rí eèsún tó yọ pọ̀ tí ìdí rẹ̀ tóbi, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, omi kò sì jìnnà sí i. Bí ó bá rí tẹ̀tẹ̀ tó hù fúnra rẹ̀, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, á béèrè pé ta ló ti ní àkìtàn síbẹ̀ rí. Ìdí kan náà ni àwọn èèyàn fi máa ń wá ahoro láti gbin ohun tó bá ń fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá: eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti pàǹtí ilé ti jẹrà síbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀kan ni òdìkejì gbogbo èyí. Bí ó bá ti gba ilẹ̀, ilẹ̀ náà ti rẹ̀ nìyẹn. A jó o, ó tún yọ, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. A ro ó, gbogbo ibi tí ọkọ́ bá ti gé gbòǹgbò rẹ̀ á di ẹ̀kan mìíràn. Ó sì máa ń gún iṣu nínú ebè, kí ẹni tó ni iṣu tó mọ̀ pé ó ti wọlé. Mo ti rí iṣu tí ẹ̀kan gún já sí òdìkejì.

Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe sí ilẹ̀ tó bá rẹ̀ kò ju pé kí ó fi í sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fífi sílẹ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣán igbó ni wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ilẹ̀ náà yóò padà di igbó. Wọn kì í gé gbogbo igi. Ọ̀pẹ ń dúró, ìrókò ń dúró, igi tó ń so irú ń dúró, ayùnrẹ́ náà sì máa ń dúró níbi tó bá ti wà. Wọn kì í hú kùkùté. Wọ́n á jó ewé àti ẹ̀ka, wọ́n á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sínú eérú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí ibòmíràn, àwọn kùkùté á sì rúwé. Ní ayé àtijọ́, ilẹ̀ lè sùn fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Ìbàdàn ní oko etílé, wọ́n sì ní oko ẹgàn tó jìnnà, nítorí náà ààyè wà fún ilẹ̀ kan láti sùn nígbà tí òmíràn bá ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó bá ìjọba amúnisìn wá rí èyí bí ìfiṣòfò. Wọ́n rí oko tí kùkùté kún inú rẹ̀, wọ́n rí ilẹ̀ púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí, wọ́n sì rò pé nǹkan ti wọ́. Ó di 1960 kí P. H. Nye àti D. J. Greenland tó tẹ ìwé wọn jáde lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè ilẹ̀ olóoru. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ bí gbòǹgbò igi ṣe ń fa oúnjẹ ilẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé, bí ewé tó ń já bọ́ ṣe ń tò ó sójú ilẹ̀, àti bí eérú ṣe ń mú kí ohun ọ̀gbìn rí i lò. Nígbà tí mo ka èyí fún bàbá wa àgbà, ó ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kí 1960 tó dé, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn mọ̀. Ìjọba ní oko ìwádìí kan ní Moor Plantation, tí wọ́n fi orúkọ Sir Ralph Moor pè. Láti 1922 títí di 1951 ni wọ́n fi ń dán an wò níbẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe lè máa so láìjẹ́ pé a fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. O. T. Faulkner ni ọ̀gá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọ̀gbìn nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni ìtàkùn kan tí wọ́n ń pè ní mucuna. Ìbátan wèrèpè wa ni, àfi pé irú tiwọn kì í yún ni lára. Wọ́n á gbìn ín ní àkókò òjò kan, yóò bo ilẹ̀, wọ́n á sì rì í mọ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin oúnjẹ. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko ìjọba. Àwọn àgbẹ̀ wò ó, wọn kò sì gbà á.

Ó rọrùn láti pe èyí ní orí kunkun. Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ẹni tó ń fi ọkọ́ ṣiṣẹ́ ṣe máa wò ó. Ta ni yóò fi odidi àkókò òjò kan gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ, tí a kò sì lè gbé lọ sọ́jà? Ta ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ́ rì í mọ́lẹ̀, nígbà tí igbó wà níwájú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí òun bá ń sùn? Àwọn àgbẹ̀ ṣírò iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ ọn. Oko ìjọba kò ṣírò rẹ̀, torí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ló ń ṣe é níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe pé igbó yóò wà títí láé. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòkó ti ń wọ inú ẹgàn. Ilẹ̀ tí kòkó bá gbà, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà á fún, kò sí pé à ń fi í sílẹ̀ kó sinmi. Kòkó kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, èmi kò ní bú u. Ṣùgbọ́n oko oúnjẹ ń sún mọ́ra, èèyàn ń pọ̀ sí i, oorun ilẹ̀ sì ń kúrú: ọdún mẹ́wàá di méje, méje di mẹ́rin. Ẹ̀kan ń rí ọ̀nà wọlé.

Ìgbà náà ni àlejò kan dé.

Koríko tí a ń pè ní Akíntọ́lá kì í ṣe ti ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Àárín gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé inú irúgbìn igi gmelina tí ìjọba kó wá láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí, ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930, àti pé agbègbè Ẹnúgu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Hóró rẹ̀ fúyẹ́, ó ní irun bí òwú, afẹ́fẹ́ lásán tó láti gbé e, ó sì tún máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ara ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ló tọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tó fi máa gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjà òṣèlú ti dé. Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti 1954 sí 1959, Akíntọ́lá sì ni ó rọ́pò rẹ̀. Ní 1962 ni ẹgbẹ́ wọn fọ́ sí méjì, títí ológun fi pa Akíntọ́lá ní oṣù kìíní ọdún 1966. Àwọn àgbẹ̀ fi orúkọ náà sọ koríko tó ń gba gbogbo ilẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, ewé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjì tí kò lè jókòó pa pọ̀ ló wá ń jẹ́ orúkọ lára koríko kan ṣoṣo. Àwọn ará Gánà náà ṣe bẹ́ẹ̀: Acheampong ni wọ́n ń pe tiwọn, orúkọ ológun tó ṣe ìjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978.

Bàbá wa àgbà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ó ní àwọn kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀. Ó ń yí mọ́ ara wọn, ó ń dí ọ̀nà oko, àdá kan kì í tó láti ṣán an. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, á gbẹ, iná kékeré kan á sì jó gbogbo rẹ̀ títí dé inú kòkó. Màlúù kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í dá ẹjọ́ koríko lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń wò ó. Wọ́n rí i pé ibi tí Akíntọ́lá bá ti dí dáadáa fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ̀kan kì í sí níbẹ̀ mọ́, torí ẹ̀kan kò lè gbé inú òjìji. Wọ́n rí i pé ewé rẹ̀ tó já bọ́ kì í pẹ́ jẹrà, pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń rọ̀, pé ekòló ń padà wá, àti pé àgbàdo tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀ ń dúdú. Wọ́n tún rí i pé bí àdá bá ge èèyàn, kí a fún ewé rẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á dá. Láàrin ìran kan péré, ohun tí ìwé ń pè ní èpò ti di àmì ilẹ̀ tó sinmi. Bí ẹnikẹ́ni ní abúlé wa bá fẹ́ yá ilẹ̀ lónìí, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Ṣé Akíntọ́lá wà níbẹ̀, àbí ẹ̀kan?"

Kò sí olùkọ́ tó kọ́ wọn ní èyí. Koríko náà kò sí nílẹ̀ nígbà àwọn baba ńlá wọn, nítorí náà wọn kò lè jogún ìmọ̀ rẹ̀. Fúnra wọn ni wọ́n ṣe ìwádìí náà, lórí ilẹ̀ ara wọn, pẹ̀lú oúnjẹ ọmọ wọn. Ibí yìí ni mo ti kọ́ pé ìmọ̀ ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́ nìkan.

Wọ́n tún rí àléébù rẹ̀. Tata, ìyẹn kòkòrò aláràbarà tó máa ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, fẹ́ràn òdòdó Akíntọ́lá, abẹ́ òjìji irú igbó bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń yé ẹyin sí. Paul Richards, òyìnbó kan tó ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbẹ̀ wa, kọ nípa ọ̀rọ̀ tata nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1985. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ ibi tí tata ń yé ẹyin sí. Bí a bá ti mọ ibẹ̀, ọkọ́ lásán la ó fi hú ẹyin náà síta kí oòrùn pa á.

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí abúlé wa. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wá gbìyànjú ohun tó sún mọ́ ọgbọ́n igbó: wọ́n gbin igi leucaena tàbí àgúnmániyè ní ìlà-ìlà, wọ́n gbin àgbàdo sáàárín, wọ́n sì ń gé ẹ̀ka igi náà sílẹ̀ kó jẹrà. Èrò tó dára ni, mo sì rò pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún igi ju àwọn ará Moor Plantation lọ. Síbẹ̀ kò tàn kálẹ̀ tó bí wọ́n ti rò. Gígé ẹ̀ka nígbà gbogbo kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ohun mìíràn sì wà tí erùpẹ̀ kò lè sọ fún onímọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀. Ẹni tó yá ilẹ̀ dáko, kí ó gbin àgbàdo, kí ó gbin ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tó bá gbin igi, ẹjọ́ dé. Akíntọ́lá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbìn ín.

Jogbo ni mo fẹ́ fi kún un, torí pé ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà gbogbo báyìí, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò bí oòrùn. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ló ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ni àwọn èèyàn sì ń tìtorí rẹ̀ gbé e kiri ayé. Ẹni tó bá tọ́ ewé rẹ̀ wò yóò mọ̀ pé òótọ́ ni bí a bá ní nǹkan korò bí jogbo. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi í ṣe ọgbà yí oko ká, àwọn olùwádìí wọn ewé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Nínú ewé gbígbẹ rẹ̀, náítírójìn tó nǹkan bí ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, pòtásíọ́ọ̀mù sì tó nǹkan bí ìdá 4. Ìyá wa àgbà kò mọ̀ nípa Kẹ́ńyà. Ó kàn máa ń gé ewé jogbo tútù, á rì í sínú ilẹ̀ ẹ̀fọ́ rẹ̀, á sì dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbin ewédú. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní òun rí i pé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ da jogbo sí nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, ẹ̀fọ́ ibẹ̀ yàtọ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ katakata ń hú kùkùté tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀, ilẹ̀ tó sì ti pàdánù kùkùté kò ní ohun tí yóò fi rúwé. Àwọn àgbẹ̀ ń fín kẹ́míkà. Èmi náà ti gbé ẹ̀rọ ìfínko sẹ́yìn rí, mo mọ bí ó ṣe ń gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọkọ́, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti pa gbogbo ohun tó hù lórí rẹ̀ kò ní ohun tí a lè kà mọ́. Àti pé ilẹ̀ Akínyẹlé ti ń di ilé. Òpó àwọn awọnlẹ̀ ti wọ oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Ní ti ìjà ilé wa, wọ́n pín in sí méjì. Bàbá mi ṣán ìdajì ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn, ó fi ìdajì kejì sílẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Iṣu ìdajì tí a ṣán ni mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹ̀kan gún já. Èmi ni mo rù ú wálé, bàbá wa àgbà rí i, kò sọ nǹkan kan, ó ní kí wọ́n sè é. Ó kú ní ọdún tó kọjá.

Ọdún kẹrin nìyí tí ìdajì kejì ti ń sùn. Ẹnìkan ti wá béèrè bóyá a ó tà á. Bàbá mi kò tíì dá a lóhùn. Ó ní bí mo bá ti ṣe ìdánwò tán, kí n bá òun lọ sódìkejì odò, kí n bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ Akíntọ́lá náà, kí n wò ó bóyá ẹ̀kan ti kú.